Bàbá mi ń rí àwọn ọmọ tí èmi ò rí, ṣùgbọ́n wọ́n rántí ìwọ̀n ṣòkòtò gbogbo èèyàn

Ọmọ Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Mọ́ńdè, 6:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò kọ nǹkan kan rí. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ló gbé mi dé bẹ́ẹ̀.

Bàbá ti pé ọdún 74. Télọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bí oníbàárà ọdún 1985 bá yọjú báyìí, wọ́n á dárúkọ ẹ̀, wọ́n á sì sọ ìwọ̀n ọrùn àti gígùn ṣòkòtò ẹ̀ láìwo ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá ẹ̀gbọ́n mi jà nígbà tó ní bàbá ti ń ṣarán. Ta ló ń ṣarán tó rántí ìwọ̀n ọrùn èèyàn?

Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá wọ́n gé léèsì oníbàárà kan, wọ́n rán apá òsì mọ́ ejìká ọ̀tún. Wọ́n tú u, wọ́n tún rán an síbẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń wò wọ́n. Wọ́n gbé apá aṣọ lé ojú ejìká, wọ́n yí i, wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n tún yí i, bí ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ wá ojú ihò nínú òkùnkùn. Bàbá tó ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ tó lé ní ogún!

Ìgbà yẹn làwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bàbá á ní kí n lé àwọn ọmọ mẹ́ta tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kúrò. Ọ̀kan wọ aṣọ pupa. Àwọn ọmọ náà kì í fọhùn. Bàbá ò bẹ̀rù wọn, wọ́n kàn ní wọ́n ń dí àwọn lọ́nà. Ọkùnrin gíga kan náà tún ń dúró ti ògiri. Màmá gbé pásítọ̀ wá. Lọ́jọ́ náà ojú bàbá dá ṣáká, wọ́n bá pásítọ̀ sọ òṣèlú, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Pásítọ̀ ní kò sóhun tó ṣe wọ́n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí.

Ẹsẹ̀ wọn ti ń wọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún sì ti ń le. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú ẹ̀?

Ìyá Ṣadé Akóbọ̀
Mọ́ńdè, 6:40 àárọ̀

A ti rí irú ẹ̀ nílé wa. Mò ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, mo máa padà wá kọ ọ́. Kí n tó dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún bàbá ní abẹ́rẹ́ kankan o. Ẹ ṣáà dúró dè mí.

Alágbo Òjé
Mọ́ńdè, 7:05 àárọ̀

Ojú lásán kọ́ lèyí. Ọmọ mẹ́ta tí kì í fọhùn, tí ọ̀kan wọ pupa, ẹ ò mọ ẹgbẹ́ tó ń wọ pupa? Ká ṣètùtù ká sì fún wọn lágbo. Ilé wa ló ń lo asofẹ́yẹjẹ fún ẹni tórí ẹ̀ bá dàrú, ó sì ń mú wọn balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Mọ́ńdè, 8:31 àárọ̀

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò kì í ṣe dókítà, torí náà ohun tó o máa bi dókítà ni kó o fi ọ̀rọ̀ mi ṣe. Dá mi lóhùn ná. Ṣé bàbá máa ń jà lójú oorun, kí wọ́n ta ẹsẹ̀, kí wọ́n pariwo? Ṣé wọ́n ṣì ń gbóòórùn ọbẹ̀? Ṣé òòyì ń kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde? Ìgbẹ́ ńkọ́?

Ọmọ Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Mọ́ńdè, 8:58 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ mà. Bí mo ṣe ń ka ìbéèrè yín ni àyà mi ń já, torí kò séyìí tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún 10 tí màmá ti kó lọ sí yàrá kejì. Lóru ọjọ́ kan ni bàbá gbá wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú, wọ́n ní olè làwọn ń lé. Àwàdà la fi ń ṣe nílé, tá a bá gbọ́ ariwo a ó ní bàbá tún ti lọ sígbó ọdẹ. Ti òórùn, ọbẹ̀ jó lórí iná, èéfín gba ilé, bàbá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ rédíò. Òòyì, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Ìgbẹ́, ọjọ́ mẹ́rin, ìgbà míì márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Mọ́ńdè, 10:20 àárọ̀

Ohun tí mo fura sí náà nìyẹn. Oríṣi àrùn ìgbàgbé kan wà tí kì í gba ọ̀nà ìgbàgbé wọlé. Lewy body ni wọ́n ń pè é. Lewy ni dókítà ará Jámánì tó rí i ní 1912 nínú ọpọlọ àwọn tó ní Parkinson, àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n tó sì ń mú ara le: kókó róbótó kéékèèké nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Purotéènì kan tó ń jẹ́ alpha-synuclein ló ń ṣù jọ síbẹ̀. Dókítà ará Japan kan, Kosaka, ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn láti 1976 pé kókó yìí kan náà lè fa àrùn ìgbàgbé.

Tó bá jẹ́ Alzheimer, àrùn ìgbàgbé tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ìrántí ló kọ́kọ́ ń lọ, èèyàn á jẹun tán, á ní òun ò tíì fẹnu kan nǹkan. Ti Lewy, ìrántí lè ṣì dúró dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Àtifojú wọn àyè ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, àtimọ ibi tí nǹkan ń bọ́ sí. Apá aṣọ tí bàbá ń yí kiri nìyẹn. Kí télọ̀ rántí ìwọ̀n ọrùn kò ní kí ọwọ́ ẹ̀ má ṣìnà.

Nǹkan mẹ́rin làwọn dókítà ń wò tórí bá ti ń dàrú. Kó dá lónìí, kó dàrú lọ́la. Kí èèyàn máa rí ènìyàn tàbí ẹranko tí kò sí níbẹ̀, tó rí wọn kedere débi tó lè sọ àwọ̀ aṣọ wọn. Kó máa ṣe ohun tó ń lá lójú àlá. Kí ara máa le, kí ìrìn máa falẹ̀, tàbí kí ọwọ́ máa gbọ̀n. Bí méjì bá pé, dókítà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lójú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo kà fún mi. Ìjà ojú oorun yẹn lè fi ọdún mẹ́wàá ṣíwájú ìyókù, kò sẹ́ni tó ń fura sí i, gbogbo ilé a máa fi rẹ́rìn-ín bíi tiyín.

Ìwọ àti màmá ẹ jókòó kẹ́ ẹ kọ ìgbà tí nǹkan kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Tí líle ara bá ti fi ju ọdún kan ṣíwájú dídàrú orí, Parkinson tó wá fa ìgbàgbé ni wọ́n á pè é, ìtọ́jú ẹ̀ sì lè yàtọ̀ díẹ̀. Má retí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó máa sọ pé òun nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa gbà, àwọn nǹkan míì ni wọ́n ń fi í wá kí wọ́n lè yọ wọ́n kúrò: táírọ́ìdì, vitamin B12, HIV, sífílíìsì. Wọ́n á tún fẹ́ ya skáànì orí, pàápàá bí wọ́n ṣe ti ṣubú, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì sábẹ́ agbárí àgbàlagbà kó sì máa ṣe é bí arúgbó tó ń ṣarán.

Alágbo, mi ò bú yín o, ṣùgbọ́n asofẹ́yẹjẹ gan-an ni mi ò fẹ́ kí bàbá yìí fẹnu kàn. Oògùn kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú ẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ pé ó ń mú wèrè balẹ̀. Ó tún ń já ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń mú ara le. Bàbá tó ń ṣubú, tára ẹ̀ ti ń le tẹ́lẹ̀?

Alágbo Òjé
Mọ́ńdè, 10:44 àárọ̀

Mo gbọ́ mà. Mi ò ní kí wọ́n má lọ ọsibítù.

Ìyá Ṣadé Akóbọ̀
Mọ́ńdè, 11:15 àárọ̀

Mo ti dé. Bàbá ọkọ mi ni tiwa. Ajá dúdú ni wọ́n ń rí lábẹ́ àga. Lóru ọjọ́ kan wọ́n gbé ọmọ odó, wọ́n ń fi lu ajá, wọ́n fọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rù bà wá, a gbé wọn lọ ọsibítù aládàáni kan, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó rí baba arúgbó tó ń pariwo, ó gún un ní haloperidol. Kò ṣe é níkà, ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó ṣe fún aláriwo ló ṣe.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, bàbá ò lè yí ọrùn. Ara le gbagidi. Mo fi ṣíbí bu omi sí wọn lẹ́nu, omi gba ẹ̀gbẹ́ ètè padà sórí ìrọ̀rí. Ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wò mí, wọn ò lè gbé e mì. Lálẹ́ ọjọ́ náà ara wọn gbóná bí ààrò. Ọjọ́ 9 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ọsibítù kejì tá a sáré gbé wọn lọ la ti kọ́kọ́ gbọ́ Lewy, dókítà ibẹ̀ ní àwọn tó ní in kì í lè gba irú abẹ́rẹ́ yẹn sára, ó lè pa wọ́n. Bàbá là á já, ṣùgbọ́n wọn ò fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́ títí wọ́n fi kú lẹ́yìn oṣù mẹ́rin.

Torí náà, Ọmọ Télọ̀, mú páálí kékeré kan, kọ ọ́ gàdàgbà pé bàbá yìí lè ní Lewy body, kí wọ́n má fún wọn ní haloperidol tàbí chlorpromazine. Òyìnbó ni kó o fi kọ ọ́, torí dókítà tó máa kà á láàjìn lè má gbọ́ Yorùbá. So ó mọ́ káàdì ọsibítù wọn. Fi òmíràn sára fíríìjì. Ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù gbogbo yín.

Agbọ́rọ̀sọ
Mọ́ńdè, 12:03 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àrùn òyìnbó lẹ̀ ń tò sílẹ̀ yìí. Àwọn bàbá wa ò ṣe é. Ọjọ́ ogbó ló dé.

Ọmọ Ìdíkàn
Mọ́ńdè, 12:30 ọ̀sán

Ìdíkàn ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀gbọ́n, torí náà ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn. Ní 1992 làwọn dókítà Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agboolé wa, wọ́n ń bi àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní ìbéèrè. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọn ò bi àgbàlagbà nìkan, wọ́n máa ń pe ẹni tó ń bá a gbé pẹ̀lú, torí àgbà Yorùbá ò ní fẹnu ara ẹ̀ sọ fún àlejò pé òun ń gbàgbé. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2001, nínú 100 àgbà, bíi 1.35 ni àrùn ìgbàgbé ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún níbí, ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis jẹ́ 3.24. Tiwa kéré, ó jọ wá lójú. Ṣùgbọ́n ó wà, nínú agboolé, láàárín àwọn tí kò wọ bàálù rí.

Bàbá Ìbejì Agbowó
Mọ́ńdè, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Mi ò mọ̀ nípa oògùn. Màmá mi ni mo fi ọdún 5 tọ́jú nínú ilé, ilé ni mo mọ̀.

Àkọ́kọ́, má bá wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí. Tó o bá ní kò sí ọmọ níbẹ̀, o ti pe bàbá ẹ nírọ́. Tó o bá sì gbé ìgbálẹ̀ tó ò ń lé ọmọ, o ti gbaṣẹ́ nìyẹn, alaalẹ́ lo máa máa lé e. Àwọn ṣójà ni màmá tèmi ń rí ní gbàgede. Èmi á ní, "Mi ò rí wọn, màmá, ṣùgbọ́n èmi rèé, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun." Ìgbà tó bá ń bà wọ́n lẹ́rù nìkan ló yẹ ká wá nǹkan ṣe.

Tí NEPA bá mú iná lọ ló máa ń burú jù. Àtùpà ń mì, òjìji ń rìn lára ògiri, ìwọ gan-an tórí ẹ pé lè rí nǹkan. Mo ra iná onísólà méjì, mo gbé ọ̀kan sọ́nà ilé ìtọ̀. Mo yọ kọ́tìnnì olódòdó, mo fi aṣọ bo dígí. Àwọn ṣójà dín kù.

Wọ́n á sì kọjú sí yín nígbà míì, ẹ fọkàn sí i. Màmá ní ìyàwó mi kọ́ nìyẹn, wọ́n ní ẹnì kan ló gbé ojú ìyàwó mi wọ̀ tó wá ń jí ẹran nínú ìkòkò. Ìyàwó mi sunkún lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá a rí i pé tó bá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó kí wọn, tó bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó yọjú, wọ́n á mọ̀ ọ́n. Ohùn ò ṣì wọ́n lọ́nà bí ojú.

Ọmọ Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Mọ́ńdè, 9:10 alẹ́

Bàbá Ìbejì, òjìji tẹ́ ẹ sọ yẹn! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí bàbá ti ń rí ọkùnrin gíga yẹn, ibẹ̀ gan-an la ń gbé agbádá tá a ti rán tán kọ́.

Ọmọ Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Túsìdeè, 7:25 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

UCH, ọsibítù yunifásítì Ìbàdàn, la gbé bàbá lọ, ní ibi ìtọ́jú àgbàlagbà tí wọ́n ṣí ní 2012, èyí tó ń jẹ́ Tony Anenih. Mo gbé ìwé tí èmi àti màmá kọ dání, mo sì ti fi fóònù ya fídíò bàbá níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ fídíò, torí lọ́jọ́ tá a lọ ojú wọn dá bíi ti ọjọ́ pásítọ̀. Dókítà ní kí wọ́n ya aago. Bàbá ya òbírí, wọ́n wá kó gbogbo nọ́ńbà jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bí èrò tó ń wọ mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ka ọjọ́ ìbí wa tẹ̀léra wọn láìṣì. Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ohun tóun ń wá nìyẹn.

Wọ́n wọn ìfúnpá wọn ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n dìde dúró. 150 di 116. Òòyì yẹn nìyẹn, tí a rò pé ebi ni! Wọ́n dín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kù, wọ́n sì ní kí bàbá máa jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kí wọ́n tó dìde. Skáànì ò rí ẹ̀jẹ̀ kankan.

Dókítà ní Lewy ni òun gbà pé ó jẹ́. Kò sí ohun tó ń wò ó tán, kò tàn wá. Ó bẹ̀rẹ̀ rivastigmine, oògùn tó ń ran ọpọlọ lọ́wọ́, fún wọn, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ inú wọn rú, wọ́n bì lẹ́ẹ̀mejì, a wá ń fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ, ó dáwọ́ dúró. Levodopa tó lè mú ara rọ̀, ó ní ká ṣì dúró ná, torí ó lè mú kí ohun tí wọ́n ń rí pọ̀ sí i.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Wọ́n ní ká kó gbogbo oògùn inú ilé wá. Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ la ti bá páálí Artane kan, kẹ́mísì ìsàlẹ̀ ilé ló ti ń tà á fún bàbá fún ọwọ́ líle. Piriton náà wà níbẹ̀, wọ́n fi ń sùn. Dókítà ní irú àwọn méjèèjì yẹn gan-an ló ń da orí àgbàlagbà rú, ti ẹni tó ní Lewy sì ń burú jù. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi lo Artane yẹn, àwa ò mọ̀.

Mo ti kó agbádá kúrò lára ògiri. Ọkùnrin gíga ò wá mọ́. Àwọn ọmọ ṣì ń wá, ṣùgbọ́n wọ́n ku méjì. Bàbá ò gé aṣọ mọ́, wọ́n ń ran bọ́tìnnì, ọmọ iṣẹ́ ń gé. Tí oníbàárà bá dé, àwọn ni wọ́n ń pe ìwọ̀n láti orí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Túsìdeè, 8:02 alẹ́

O ṣeun tó o padà wá. Fi èyí sọ́kàn. Tí bàbá bá ṣàdédé burú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, má gbà pé àrùn ló ń lọ síwájú. Ibà, ìtọ̀ tó ti kó kòkòrò, ìgbẹ́ tó dí, omi tí kò tó lára, àwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Bí wọ́n bá ń húkọ́ tí wọ́n bá mu omi, kí wọ́n jókòó dáadáa, kí wọ́n tẹ àgbọ̀n wálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì, kó o sì sọ fún dókítà. Màmá ńkọ́, ta ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Ọmọ Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Túsìdeè, 8:11 alẹ́

Èmi ni mà, láti Fúráìdeè di Sọ́ńdè. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní bàbá ń ṣarán wà ní Èkó, owó ló ń fi ránṣẹ́.

Ìyá Ṣadé Akóbọ̀
Túsìdeè, 8:15 alẹ́

Kó wá fi òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Ó lè máa fowó ránṣẹ́ náà o.

Ọmọ Àpáta
Túsìdeè, 9:36 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ mà, màmá tèmi ti pé ọdún 80, àwọn ológbò ni wọ́n ń rí lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn kì í jà lójú oorun, ara ò le, orí wọn pé. Àwọn gan-an máa ń ní àwọn mọ̀ pé ológbò náà kì í ṣe òótọ́. Ṣé Lewy náà ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Túsìdeè, 9:50 alẹ́

Ṣé ojú wọn ń ríran?

Ọmọ Àpáta
Túsìdeè, 9:53 alẹ́

Ti ọ̀tún ti funfun. Ti òsì, bàìbàì ló ń ríran.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Túsìdeè, 10:08 alẹ́

Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú ni kó o kọ́kọ́ gbé wọn lọ. Ẹni tójú ẹ̀ ti ń kú lè máa rí ohun tí kò sí, kórí ẹ̀ sì pé pérépéré. Ibi tí ojú ò ríran dé mọ́, ọpọlọ a máa fi àwòrán tara ẹ̀ dí i. Tó bá jẹ́ pé ohun funfun tí wọ́n lè yọ lójú ni, àwọn ológbò lè bá a lọ. Kó gbogbo oògùn wọn sínú ọ̀rá kan, tó fi mọ́ èyí tí wọ́n rà ní kẹ́mísì, kó o gbé e dání.